Ìlú Tó Mọ Iye Ọmọ Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, ẹ̀yìnkùlé ṣì wà níbẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹni tó jáde. Èmi ni Ọdẹ́tóyìnbó, ọdẹ tí ẹfọ̀n ń yà fún lọ́nà, tí ìkookò ń kí kó tó kí ìyá rẹ̀. Mo rí àwọn kan nínú yín tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ẹ rẹ́rìn-ín o. Bí a bá ní kí arúgbó má fọ́nnu mọ́, kí ni yóò máa fi eyín méjì tó kù ṣe? Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ìfọ́nnu ni ìtàn náà dá lé, ó sì ti gba ohun kan lọ́wọ́ mi tí n kò rí gbà padà títí dòní.

Ẹ̀yìn-Àpáta ni ìlú wa. Bí ẹ bá ń wá a, ẹ má wo òkè jù, kí ẹ má baà rìn kọjá rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń béèrè ọ̀nà. Oyètádé ni Baálẹ̀ wa nígbà náà, ọkùnrin tó sanra, tí ohùn rẹ̀ dùn, tí í máa bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé igba ènìyàn ló jókòó sí yàrá. Baálẹ̀ ni bàbá rẹ̀ jẹ, baálẹ̀ ni bàbá bàbá rẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n òun ní adé ni orí òun ń béèrè. Ó kọ̀wé sí ìjọba. Ìjọba fèsì pé Ẹ̀yìn-Àpáta kéré jù fún adé, pé ènìyàn rẹ̀ kò pọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Baálẹ̀ ní bí ilẹ̀ bá kéré, ṣebí a lè fi kún un. Ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ, ó ní kí wọ́n lọ fa ààlà wa wọ inú oko àwọn ará Ìdí-Ahùn, ìlú tó múlé gbè wá. Ọdẹ́dínà ọmọ mi wà nínú wọn. Orin ni wọ́n fi jáde ní òwúrọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn kan padà wọlé láìkọrin. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò rí ojú tí mo bí.

Mo lọ sí ilé Baálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

"Baálẹ̀, n kò rí Ọdẹ́dínà."

"Fara balẹ̀, ọdẹ. Àwọn ọmọ ti dé."

"Ẹni mélòó ló lọ? Ẹni mélòó ló dé?"

Àwọn ìjòyè wo ara wọn bí ẹni pé mo tú aṣọ lójú wọn. Balógun fọn ikun. Ó ní, "Ọdẹ́tóyìnbó, ṣé iṣu lo fẹ́ kà ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ló kọ́ ẹ ní irú ọ̀rọ̀ báyìí?"

Òótọ́ ló wí, àṣà wa ni. Àwọn baba wa kì í na ìka sí ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń jáde, kò sí ẹni tó kà wọ́n. Bí a kò bá sì mọ iye tó lọ, ta ni yóò sọ pé ó ku ẹnì kan? Mo bẹ Baálẹ̀ kó fi ọ̀pá rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìdí-Ahùn, kí wọ́n béèrè bóyá ọmọ mi wà ní ìgbèkùn lọ́dọ̀ wọn, torí láàárín ìlú méjì tó jà, ẹni tí kò bá mú ọ̀pá olórí ìlú lọ́wọ́, bí olè ni wọ́n ṣe ń gbà á. Baálẹ̀ mi orí. Ó ní bí òun bá béèrè ẹnì kan, òun ti jẹ́wọ́ pé ènìyàn òun dín, ìlú tó ń dín kì í gba adé.

Mo padà sílé. Àwẹ̀ró ìyá ọmọ náà bu oúnjẹ Ọdẹ́dínà, ó fi igbá dé e, bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ mẹ́ta.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Tíṣà Fátókí dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ pẹ̀lú ìwé àwòrán ayé. Tíṣà yìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé. Ó mọ orúkọ gbogbo odò ayé, kò sì mọ odò kan wẹ̀. Ó ní, "Baálẹ̀, orílẹ̀-èdè kan wà ní Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Líktẹ́nstáìnì. Ó kéré débi pé orúkọ rẹ̀ kò gba inú rẹ̀ nínú àwòrán yìí. Inú ilẹ̀ aládùúgbò ni wọ́n kọ ọ́ sí. Síbẹ̀, ọmọ-aládé ló ń jọba lé e, ó sì ní ààfin lórí òkè."

Baálẹ̀ dìde dúró. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i kó dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan.

"Ọdẹ́tóyìnbó, ìwọ nìkan ló lè la igbó irúnmọlẹ̀ kọjá. Lọ bá mi wo ìlú náà. Bó ṣe tóbi tó, iye tí wọ́n jẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí adé fi dúró lórí ohun kékeré. Ọjọ́ tí o bá kó ọ̀rọ̀ náà dé, ọjọ́ náà ni ọ̀pá mi ń lọ sí Ìdí-Ahùn nítorí ọmọ rẹ."

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù kì í béèrè bí ọ̀nà ṣe jìn. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo wọgbó.

Ẹ má bi mí iye odò tí mo là. Ìlú Òjìji ni mo kọ́kọ́ já sí, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo rí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọọrọ gbọọrọ, dúdú, tí orí wọn gun ògiri lọ. Èmi tí mo ti fi ọwọ́ fa irùngbọ̀n kìnnìún, mo sá sẹ́yìn igi. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa, ènìyàn mẹ́tàdínlógún péré ló wà níbẹ̀. Òjìji wọn ni ìyókù. Wọ́n ń ka òjìji mọ́ ènìyàn. Wọ́n fi òjìji joyè, wọ́n ń kí òjìji kí wọ́n tó kí ẹni tó ni ín. Ọba wọn, tí kò ga ju àga rẹ̀ lọ, pa àlọ́ fún mi.

"Kí ló pọ̀ ní òwúrọ̀, tó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í rí ní ọ̀sán gangan?"

"Ìlú yín ni, Kábíyèsí."

"Gbogbo ìlú máa ń sùn ní ọ̀sán," ni ó wí. "Ẹni tó bá lajú ní ọ̀sán níbí, a kì í kà á sí ọmọlúàbí." Ó wo ilẹ̀ lẹ́yìn mi. "Òjìji tìrẹ gùn. A ó fi kún ènìyàn wa."

Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti fi okùn so òjìji mi mọ́ òpó, wọ́n sì fi í jẹ Ààrẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí wọ́n so òjìji rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè rìn. Mo jókòó ti oyè mi títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, tí gbogbo wọn sùn kí wọ́n má baà rí iye tí wọ́n jẹ́, òjìji mi súnkì, ó yọ kúrò nínú okùn, ó sá sábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo gbé e, mo sá. Mo rò lójú ọ̀nà pé ìbá dára kí Baálẹ̀ wa ti wá síbẹ̀ dípò mi. Ìbá ti padà dé pẹ̀lú àwọn ìmọ̀ràn tó wù ú.

Ìdíwọ́ tó tẹ̀lé e ni Afojúkà. Iwin ni, ojú kún ara rẹ̀ bí kóró ṣe kún inú ìbẹ́pẹ. Ó jókòó sí ojú ọ̀nà tóóró tó lọ sí ìlú tí mo ń lọ, ó ń ka ewé igi kan, kò sì ṣì í kà.

"Ọdẹ, ẹni mélòó ni yín ní ilé rẹ?"

"A pọ̀ bí eṣú," ni mo wí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òkè ńlá kan hù síwájú mi.

"Mo ní ẹni mélòó."

"A pọ̀ bí yanrìn etí odò." Òkè kejì gun orí ti àkọ́kọ́.

Inú bí mi, mo wọ̀yá ìjà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé ó ń ka ẹ̀ṣẹ́ tó ń lù mí: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá tó ń kọ́ ọmọ ní ońkà. Ní ìkeje mo ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀ tí n kò gbèrò. Mo jágbe mọ́ ọn pé àṣà wa kò gbà kí a ka ọmọ.

"Mo mọ àṣà yín," ni Afojúkà wí. "Àwọn baba yín ní kí a má ka ọmọ sókè, kí ikú má baà gbọ́. Ẹ̀yin ti yí i padà. Ẹ̀yin kì í kà á kí ọlọ́mọ má baà gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ inú mi bí ọfà. Mo jókòó nínú eruku. Mo ní, "Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo bí. Mo sin mẹ́rin. Mẹ́rin wà nílé. Ọ̀kan..."

"Ọ̀kan ńkọ́?"

"N kò mọ̀."

Àwọn òkè méjèèjì ká bí ẹní. Afojúkà fún mi ní ewé kan kí n jẹ, kí n lè gbọ́ èdè Jámánì tí wọ́n ń sọ níbi tí mo ń lọ. Ó padà sí ìdí igi rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ońkà láti ewé kìn-ín-ní, nítorí mo ti dà á rú.

Báyìí ni mo ṣe yọ sí Líktẹ́nstáìnì. Odò Ráínì ń ṣàn ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Swítsàlandì wà ní òdì kejì. Ọ́stríà wà ní ìlà-oòrùn. Ìlú náà wà láàárín wọn bí ọmọ tó sùn sáàárín bàbá àti ìyá. Kò ní òkun. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ pàápàá kò ní òkun. Ìyá arúgbó kan ń da màlúù bọ̀ láti orí òkè, agogo wà lọ́rùn wọn, olúkúlùkù ló sì ní orúkọ. Walibúga ni orúkọ ìyá náà. Mo kí i, ó jẹ́ mi bí ẹni tó ti ń retí mi láti àná.

"Ìyá, báwo ni ìlú yín ṣe tóbi tó?"

"Ọgọ́jọ kìlómítà onígun mẹ́rin. Bí òkè kò bá dí ọ lọ́wọ́, jẹun àárọ̀ ní ìpẹ̀kun kan, wàá jẹ ti ọ̀sán ní ìkejì."

"Ẹni mélòó ni yín?"

"Nǹkan bí ọ̀kẹ́ méjì. Iye gan-an wà ní ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá bí ọmọ, wọn a fi kún un; bí ẹnì kan bá kú, wọn a yọ ọ́."

Mo wò yíká bóyá ikú ń gbọ́. Màlúù nìkan ló ń gbọ́.

Ó sọ fún mi pé àdúgbò mọ́kànlá ló para pọ̀ di ìlú náà, pé Fáàdúsì ni olú-ìlú, pé wọn kò ní pápákọ̀ òfurufú, pé wọ́n ti tú ọmọ ogun wọn ká láti ọdún 1868, wọn kò sì kó òmíràn jọ mọ́. Ó na ọ̀pá sí ààfin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ó ní ibẹ̀ ni ọmọ-aládé ń gbé, àti pé lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, àwọn máa ń gòkè lọ sí ọgbà rẹ̀ láti mu bíà.

"Ọmọ ogun yín kò jà rí ni?"

"Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n jáde ni ọdún 1866. Ọgọ́rin ọkùnrin ló lọ ṣọ́ ọ̀nà kan lórí òkè. Wọn kò rí ìjà jà. Ìgbà tí wọ́n dé, àwọn àgbà wa ní mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n."

"Ẹnì kan lé?"

"Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan ni wọ́n rí lọ́nà, tó bá wọn wálé."

"Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹnì kan lé?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Ọgbọ́n wo ló wà níbẹ̀? Wọ́n kà wọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ. Wọ́n kà wọ́n nígbà tí wọ́n dé."

Èmi tí ẹfọ̀n ń yà fún lọ́nà, mo jókòó sórí koríko àwọn èèyàn yẹn, mo sunkún. Ìyá náà jẹ́ kí n sunkún tó. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá tọ́ mi lẹ́jìká.

"Má yin ìlú wa jù, ọdẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni wọ́n ti kà mí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ló ń dìbò yan àwọn aṣòfin. Léraléra ni wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ àwa obìnrin, tí wọ́n ní rárá. Ọdún 1984 ni wọ́n tó gbà. Mo ti di ìyá àgbà. Kí wọ́n ka ènìyàn, kí wọ́n sì ka ènìyàn sí, ọ̀nà méjèèjì kò pàdé ní kíákíá."

Mo dì í mọ́ ọkàn, mo dágbére, mo padà. Ìrìn àbọ̀ kì í ní ìtàn. Ẹni tó ń lọ sílé kì í wo ẹ̀gbẹ́.

Ní Ẹ̀yìn-Àpáta, gbogbo ìlú péjọ sí ojúde Baálẹ̀. Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ṣìṣe. Mo lè sọ ọ̀rọ̀ náà ní ṣókí, kí n sì béèrè ọ̀pá. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ènìyàn. Mo fi ọwọ́ ṣe odò, mo fi ikùn ṣe òkè, mo ké bí agogo màlúù. Ìgbà tí mo dé ibi ọgọ́rin tó lọ tí mọ́kànlélọ́gọ́rin dé, ìlú ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Wọ́n ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Wọ́n ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kẹta mo fi ijó sí i. Ti ìbò Ìyá Walibúga, ẹnu mi kò dé ibẹ̀, torí kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ di ojú, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń há nǹkan sórí.

Tíṣà Fátókí kọ ìwé mìíràn sí ìjọba, ojú ewé mẹ́rìnlá, ó fi àwòrán Líktẹ́nstáìnì sí i. Bóyá wọ́n kà á tàbí ó kàn sú wọn, n kò mọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i. Mo lọ rán Oyètádé létí.

"Ọ̀pá tí ẹ ní ẹ ó rán, Baálẹ̀."

"Jẹ́ kí adé yìí wọ orí ná. Ṣé o fẹ́ kí n rán ọ̀pá baálẹ̀, nígbà tí o lè gba ti ọba?"

Ó dà bí ọ̀rọ̀ tó dára létí. Mo dúró. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo dúró, Àwẹ̀ró ń bu oúnjẹ, ó ń dé e.

Lọ́jọ́ ìwúyè, wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta kan níwájú ààfin tuntun. Tíṣà kà á sókè: OGÓJÌ AKỌNI LỌ SÓGUN ÌDÍ-AHÙN, MỌ́KÀNLÉLÓGÓJÌ LÓ DÉ. Ìlú pàtẹ́wọ́. Mo wọ́ lọ síwájú lórí orúnkún.

"Kábíyèsí, ta ló kà wọ́n?"

"Ìwọ lo mú ọgbọ́n náà wá, Ọdẹ́tóyìnbó. A dúpẹ́."

"Ta ni ẹnì kọkànlélógójì?"

"Ìwọ kọ́? Ṣebí ìwọ náà ti àjò dé."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín sábẹ́ ahọ́n. Mo gbé ojú sókè. "Ọdẹ́dínà ńkọ́, Kábíyèsí?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi àánú sọ ọ́, ìyẹn ló burú jù. "Ọdẹ́dínà wà nínú ogójì. Gbogbo wọn ti dé. Iṣẹ́ ti lọ sí gbogbo ìlú àyíká láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣé kí ọba rán ọ̀pá lọ wá ẹni tó wà nílé?"

Mo dìde láìgba àṣẹ, mo kọjú sí ọ̀nà Ìdí-Ahùn, láìní ọ̀pá, láìní ìbọn. Bí wọ́n bá fẹ́ pè mí ní olè, kí wọ́n pè mí.

Wọn kò pè mí ní nǹkan kan. Wọ́n mú mi lọ bá àgbà wọn, Láwọyin, tó ń wú ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́.

"Ẹ jókòó, bàbá. Ó wà níbí."

"Ó wà níbí?"

"Ó wà níbí tẹ́lẹ̀. Ó farapa lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìjà, a wò ó sàn. Oko yìí ló ń bá mi ro. Ó gbọ́ iṣẹ́, kì í sì í jiyàn. A sọ fún un pé, 'Bí ìlú rẹ bá ti béèrè rẹ, wàá lọ. A kò fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n ṣáà béèrè.' Bí àwọn ènìyàn bá ń ti ọ̀nà yín bọ̀, á dúró, á fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, á máa wò."

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló wà?"

"Ìránṣẹ́ ọba yín dé, ó ní gbogbo àwọn tó lọ sógun ti padà sílé, ẹnì kan tilẹ̀ lé. Ó ní kí a wá bá yín jó. Mo pe ọmọ náà, mo ní, 'Ìwọ, ọmọ ibo ni ọ́ gan-an? Ẹ̀yìn-Àpáta ní kò sí ẹni tó kù.' Ó ní kí ìránṣẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ìránṣẹ́ tún un sọ. Ó béèrè pé ta ló mú ọgbọ́n kíkà wá sí ìlú. Ìránṣẹ́ ní ọdẹ kan ni, tó fi ijó sọ ọ́ ní ojúde, Ọdẹ́tóyìnbó."

Láwọyin wo ilẹ̀.

"Kò bínú, bàbá. Ó kàn ní, 'Bí bàbá mi bá ti kà mí mọ́ àwọn tó délé, ẹni tó wà níbí kì í ṣe èmi.' Ó gba ọ̀nà apá ibẹ̀ yẹn, tó lọ sí òkè odò. Ọjọ́ mẹ́rin rèé."

Mo gba ọ̀nà náà. Mo ti ń gbà á láti ọdún yẹn, mo máa ń padà wá sílé ní àkókò òjò, Àwẹ̀ró ti kú. Nítorí Ọdẹ́dínà ni mo ṣe ń kó yín jọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí mo bá dé, n kì í ṣe é torí pé ẹnu ń yún mi. Bí ẹ bá pàdé ọkùnrin gíga kan tó ń tiro díẹ̀, tí ẹ bi í ní ìlú rẹ̀ tó dákẹ́, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ kàn bá mi sọ fún un pé èmi kọ́ ni mo ka ogójì. Ẹ ní mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ̀ ń kà, ní gbangba, níwájú ẹnikẹ́ni tó bá bi í. Ó sì ku ẹnì kan.